Orí Ọ̀gá Lórí Ọmọrí Kẹ́tùlù

Àwọn ènìyàn kan wà láyé tí wọ́n gbà pé bí àwọn bá ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó dúpẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìjọba fi í ṣe olùdarí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìkòkò, abọ́ àti ṣíbí. Lójú rẹ̀, "Olùdarí Àgbà Pátápátá, sà" ni wọ́n ń pè é. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí "pátápátá" ń wá níbẹ̀. Olùdarí àgbà mìíràn wà ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ní òdìkejì títì, ọ̀gá wa kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi òun mú fún ọlọ́ṣẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Ìdọ́gba ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, ìdí rẹ̀ ni èyí.

Ọ́fíìsì tó ń parí ìjà ilẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ kó tó débẹ̀. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ilẹ̀ kan, ọ̀gá yóò na okùn sí àárín gbùngbùn rẹ̀, yóò ní, "Ìwọ gba apá kan, ìwọ gba èkejì, ẹ máa lọ sílé." Bí kànga bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí ọ̀nà kànga sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, ìyẹn kò kan okùn. Ìjọba fún un ní àmì-ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ yìí, láti ìgbà náà ni ó sì ti gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí okùn kò lè parí. Nígbà tí ó kó ẹrù dé ilé-iṣẹ́ ìkòkò, okùn náà ló kọ́kọ́ gbé kọ́ ògiri, lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà ti ń kú lọ kó tó débẹ̀. Ìkòkò wọn wúwo débi pé ẹni tó bá gbé e kaná lówùúrọ̀ kò ní fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mínísítà wá ránṣẹ́ sí wọn pé ọjà tuntun kan ṣoṣo ni ìjọba tún lè fara mọ́. Bó bá tà, iṣẹ́ ń bá a lọ. Bí kò bá tà, kí wọ́n ti géètì, kí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní kẹ́tùlù làwọn máa ṣe, nítorí kò sí ilé tí wọn kì í ti í se omi.

Ẹni méjì ni iṣẹ́ kẹ́tùlù yìí já lé lórí. Bàbá Ẹ̀rọ ni olórí ilé-ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà. Ìyá Ọjà ni olórí àwọn olùtajà, tí wọ́n ń gbé e lọ fún oníbàárà. Tọkọtaya ni wọ́n. Nínú ilé-iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ti pàdé, níbi tí wọ́n ti ń jà nítorí ọwọ́ ìkòkò, ìjà náà ló sì di ọmọ mẹ́ta. Bí géètì bá wá tì, ọkọ kò níṣẹ́, aya kò níṣẹ́, Màmá tó bí ọkọ tún ń bá wọn gbé. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jíròrò lórí kẹ́tùlù, akọ̀wé ọ̀gá ló kọ́kọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni wọ́n ń pe akọ̀wé yìí, nítorí gbólóhùn méjì péré ni wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ìkejì ni "Ẹ ṣeun, sà". Ó pàtẹ́wọ́, gbogbo ènìyàn dìde, ọ̀gá wọlé. Ó jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó húkọ́, wọ́n tún pàtẹ́wọ́, ẹnìkan tó jókòó sẹ́yìn kò sì mọ̀ pé ikọ́ ni, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi. Òǹgbẹ ń gbẹ orílẹ̀-èdè, ojú mi ni wọ́n ń wò. Òǹgbẹ ń gbẹ àgbà, òǹgbẹ ń gbẹ ọmọdé. Ta ni yóò bu omi fún wọn? Èmi ni. Ẹ sọ̀rọ̀ yín ní ṣókí."

Ìyá Ọjà dìde. Ó ní, "Sà, ojú ni oníbàárà kọ́kọ́ fi ń rajà. Wọ́n fẹ́ kẹ́tùlù tó ga, kó dà bí ohun tó gba omi dáadáa, kí imú rẹ̀ sì gùn kó tẹ̀, kó rọrùn láti fi da omi sínú ife."

Bàbá Ẹ̀rọ náà dìde. "Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ọjà. Ṣùgbọ́n mọ́ọ̀dù la ń da irin yíyọ́ sí, bí imú bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, kò ní bọ́ nínú mọ́ọ̀dù láìkán. Imú kúkúrú tó nípọn ni ẹ̀rọ wa lè ṣe. Bí a bá sì fi imú kúkúrú sára kẹ́tùlù gíga, wàhálà ni. Sà, ẹ jẹ́ kí èmi àti ìyá yìí jókòó pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ká wo ibi tí a ti lè pàdé."

Ojú ọ̀gá yí padà. "Kí ẹ jókòó pọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ẹ rí ara yín, kí ẹ sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì yanjú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni èmi wá ń jẹ oyè olùdarí fún?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má fi ojú kékeré wo ìbéèrè yẹn. Ohun tó ń dẹ́rù bà á láti ọjọ́ tó ti dé ipò nìyẹn, pé lọ́jọ́ kan àwọn tó mọ iṣẹ́ yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn kò sì ní rántí láti pe òun.

Ó dìde, ó mú okùn lára ògiri, ó so ó mọ́ ìbàdí kẹ́tùlù àtijọ́ kan tó wà lórí tábìlì. Ó ní, "Láti ibi okùn yìí lọ sókè, títí kan ọmọrí, ti àwọn olùtajà ni. Kó ga bí wọ́n bá ti fẹ́. Láti ibi okùn lọ sísàlẹ̀, títí kan imú, ti ilé-ẹ̀rọ ni. Kó kúrú bí wọ́n bá ti fẹ́. Ọwọ́ kẹ́tùlù, tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, tèmi ni, nítorí èmi ni mo di gbogbo yín mú. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdọ́gba nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́tùlù kọjá okùn, ì báà jẹ́ níbí, ì báà jẹ́ nílé," ó wo tọkọtaya náà, "òun àti ẹni tó bá a sọ ọ́ ni wọn yóò jọ lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ yóò máa gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun fa ààlà sí àárín ọgbà ilé-iṣẹ́. Ẹni tó wà ní ilé-ẹ̀rọ tó bá fẹ́ kí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ìtajà káàárọ̀ ní láti gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Ìkíni àárọ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kí ní ọ̀sán.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùtajà ya ara gíga, wọ́n sì fẹ́ fi òdòdó kékeré ṣe kókó orí ọmọrí, ohun tí ènìyàn máa dì mú bó bá fẹ́ ṣí i. Ọjọ́ náà ni akọ̀wé Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sọ gbólóhùn kẹta láyé rẹ̀, ó sì dùn mí pé ó sọ ọ́. Ó ní, "Sà, òdòdó a máa rọ. Bí ó bá jẹ́ orí yín ńkọ́?"

Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni ńlá ṣe ń kọ ohun tó wù ú. Ó kọ̀ títí dìgbà tí agbẹ́gilére kan wọlé pẹ̀lú irinṣẹ́. Agbẹ́gilére gbẹ́ orí náà, ọ̀gá ní imú ti tóbi jù. Ó dín imú kù, ọ̀gá ní òun kò rí ọgbọ́n ní iwájú orí. Ó fẹ iwájú orí, ó wá ku ẹnu. Wọ́n lu ẹnu náà ní ihò kékeré, pé bí omi bá hó, ooru yóò gba ibẹ̀ jáde, yóò sì máa súfèé. Ọ̀gá fọwọ́ sí i kíákíá, ó ní kí wọ́n fi irin rọ irú rẹ̀. Ó wù ú kí òun máa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ilé ìdáná láàárọ̀.

Ìyá Ọjà gbìyànjú. "Sà, àwọn oníbàárà lè máà fẹ́ kí orí ènìyàn wà lórí omi tíì wọn."

"Orí ènìyàn kọ́," ni ọ̀gá fèsì. "Orí mi ni."

Nígbà tí wọ́n so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ tí wọ́n bu omi sí i, ohun tí Bàbá Ẹ̀rọ bẹ̀rù ló ṣẹlẹ̀. Kẹ́tùlù ga, imú kúrú, ẹnu imú kò sì ga ju ìdajì kẹ́tùlù lọ. Bí omi bá ti dé ìdajì, imú ló máa ń gbà jáde lọ sílẹ̀. Ọ̀gá wo omi tó ń ṣàn lórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní, "Ẹ wò ó bí ó ti dúró ní àbọ̀ gẹ́lẹ́. Kẹ́tùlù fúnra rẹ̀ ti kọ́ ìdọ́gba." Ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é títí ilé ìkẹ́rùsí yóò fi kún. Igi ganganran má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa fẹ́ràn kí igi sún mọ́ òun dáadáa kó tó wò ó.

Mínísítà wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo kẹ́tùlù. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ìyẹn sì ń ba àwọn olùdarí lẹ́rù. Ọ̀gá ronú, ó rí i pé èèwọ̀ ni kí wọ́n gbé àbọ̀ omi síwájú odindi Mínísítà. Ó pe Bàbá Ẹ̀rọ wọlé.

"Dí imú kẹ́tùlù náà pa. Kí omi lè kún dé ẹnu."

"Sà, ooru ńkọ́?"

"Ṣebí ihò wà lẹ́nu mi?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Bí ihò yẹn bá ṣí sílẹ̀, kò séwu. Ṣé kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó ni ọmọrí?"

"Òkè okùn ni ọmọrí wà."

Bàbá Ẹ̀rọ lọ, ó gé kọ́ọ̀kì, ó fi dí imú kẹ́tùlù. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò jò rárá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá pe Ìyá Ọjà. "Fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun orí mi. Kó nípọn. Sì bá mi dí ẹnu yẹn, n kò fẹ́ ya ẹnu níwájú Mínísítà bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan."

"Sà, ibẹ̀ ni ooru ń gbà."

"Ṣebí imú wà nísàlẹ̀?"

"Bí imú bá ṣí sílẹ̀, kò séwu, sà. Ṣé kí n kọ́kọ́ bi ilé-ẹ̀rọ?"

"Ìsàlẹ̀ okùn ni imú wà."

Ìyá Ọjà lọ, ó kun orí ọ̀gá, ọ̀dà náà gbẹ dáadáa. Ẹnìkan ṣoṣo ló wá mọ̀ lágbàáyé pé imú àti ẹnu ti dí pọ̀, ẹni náà sì dúró níwájú dígí, ó ń yan táì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Mínísítà máa dé, tọkọtaya jókòó sídìí tábìlì nílé, Màmá ń da tíì fún wọn láti inú kẹ́tùlù dúdú rẹ̀ tó ti dàgbà ju àwọn ọmọ lọ.

Ìyá Ọjà ní, "Dádì wọn, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Ṣé ó kan ohun yẹn?"

"Ó kàn án díẹ̀."

Ọkọ wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé akọ̀wé wà lẹ́yìn rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bi mí. Bí wọ́n bá lé wa, méjèèjì ni wọ́n máa lé. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ bi ọ́, mo gbé e mì."

Màmá gbé kẹ́tùlù kalẹ̀. "Irú ilé iṣẹ́ wo ni ti yín yìí? Ẹ jọ ń sùn, ẹ jọ ń jẹun, ẹ ò lè jọ sọ̀rọ̀ omi gbígbóná. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́ o." Wọ́n mu tíì wọn, wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà, láìsọ̀rọ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé kẹ́tùlù sórí sítóòfù níwájú Mínísítà, orí wúrà ń dán lórí rẹ̀, omi kún un dé ọrùn. Ọ̀gá ní kí wọ́n tanná sí i, pé bí òun bá ti sọ̀rọ̀ tán, omi á ti hó. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí mọ̀ pé omi kò ní ìṣòro lójú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó ní, "Aláṣẹ omi, Ìyá gbogbo ilé-iṣẹ́, Mínísítà wa àtàtà. Ṣáájú mi, àwọn olùtajà ń fa kẹ́tùlù sókè, ilé-ẹ̀rọ ń fà á sísàlẹ̀. Mo dúró láàárín, mo ní, rọra." Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó sọ ti okùn, ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe mọ̀ láti kékeré pé yóò di ẹni ńlá. Mínísítà ti rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn ló kó o yọ.

Kẹ́tùlù ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bàbá Ẹ̀rọ, tó jókòó lápá ọ̀tún, tẹ́tí láti gbọ́ súfèé, kò gbọ́. Ìyá Ọjà, tó jókòó lápá òsì, ń wá ooru lẹ́nu imú, kò rí i. Wọ́n wo ara wọn láti òdìkejì gbọ̀ngàn, ohun tí ẹnu kò lè sọ láti ìgbà tí okùn ti dé, ojú sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ paná yẹn," ni àwọn méjèèjì wí pọ̀.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ kọjá okùn? Ẹ wo kẹ́tùlù bí ó ti dákẹ́. Ó ń tẹ́tí sí mi."

Kọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ jáde, ó sì ba ọ̀gá nínú ikùn. Ọmọrí tẹ̀ lé e. Orí wúrà fò lọ sókè, ó lu àjà, ó padà bọ̀, ó sì la àwòrán ńlá ọ̀gá tó wà lára ògiri láàárín méjì, ọgbọọgba. Omi gbígbóná fọ́n sórí ìwé ọ̀rọ̀ tó kù, èyí tí a dúpẹ́ fún. Kò sẹ́ni tó farapa. Nígbà tí ooru lọ, wọn kò rí ọ̀gá, wọ́n kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé, "Gẹ́gẹ́ bí mo ti ń wí."

Mínísítà mú kọ́ọ̀kì nílẹ̀. "Ta ló dí imú kẹ́tùlù?"

"Èmi ni, mà," ni Bàbá Ẹ̀rọ wí. "Mo mọ̀ pé ẹnu orí ṣí sílẹ̀."

"Ta ló dí ẹnu orí?"

"Èmi ni, mà," ni Ìyá Ọjà wí. "Mo mọ̀ pé imú ṣí sílẹ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò mọra yín ni?"

"Ọkọ mi ni, mà."

Ẹ̀rín bú jáde ní gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n Mínísítà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ kì í bára yín sọ̀rọ̀ ni?"

Omi ti lé lójú Ìyá Ọjà. "Òfin ni, mà. Bí a bá sọ ọ́, wọ́n máa lé wa."

Mínísítà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. "Ṣé ẹ mọ̀ pé imú àti ẹnu jọ dí?"

Ọ̀gá ní, "Mà, èmi ni mo pàṣẹ méjèèjì. Mo pín in dọ́gba."

"Mo gbọ́. Ẹ máa lọ sílé."

"Fún ìsinmi, mà?"

"Fún gbogbo wa."

Ó kọjú sí akọ̀wé, ó ní ta lẹni tó ń pàtẹ́wọ́ yìí. Akọ̀wé ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Mínísítà, ó ti tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ó wí. Mo gbọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́ṣẹ ní òdìkejì títì ló wà báyìí.

Mínísítà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ pé géètì ni òun wá tì. Bàbá Ẹ̀rọ ní, "Mà, ẹ fún wa láyè ká sọ̀rọ̀ ná. A ò tíì sọ̀rọ̀ rí lórí kẹ́tùlù yìí." Mínísítà fún wọn láyè títí di ìparí oṣù.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló yanjú ọ̀rọ̀. Tọkọtaya gbé kẹ́tùlù dúdú Màmá sí àárín tábìlì nílé, wọ́n sì jà débi pé Màmá gbé àga lọ síta. Ṣùgbọ́n nínú ìjà ni aya ti bi ọkọ pé kí ni ìṣòro imú gígùn gan-an, ọkọ ní gígùn rẹ̀ kò nira, títẹ̀ rẹ̀ ló ń kán. Ọkọ náà bi aya pé ṣé títẹ̀ yẹn ni oníbàárà ń rà, aya rò ó, ó ní rárá o, wọ́n kàn ń fẹ́ kí omi má kán sí wọn lọ́wọ́. Imú gùn, ó nà gbọọrọ, wọ́n gbé ìdí rẹ̀ sókè, wọ́n dín gíga ara kù díẹ̀, wọ́n sì fi igi ṣe kókó ọmọrí, nítorí igi kì í jó ọwọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Nígbà tí oṣù parí, kẹ́tùlù ń tà, géètì sì ṣí sílẹ̀.

Wọ́n yọ́ àwọn kẹ́tùlù àtijọ́, wọ́n fi ṣe tuntun. Orí ọ̀gá nìkan ni wọn kò lè yọ́, nítorí ó ti ní kí wọ́n fi irin tó le jù lọ ṣe é, pé kí òun lè pẹ́ láyé. Ilé ìkẹ́rùsí kún fún orí. Àwọn òṣìṣẹ́ fi díẹ̀ tẹ bébà mọ́lẹ̀ lórí tábìlì kí atẹ́gùn má gbé e, wọ́n sì fi díẹ̀ ti ilẹ̀kùn kó má bàa padé.

Ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀gá wá sí ilé-iṣẹ́ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wá ipò kan, ì báà jẹ́ kékeré, kó ṣáà ti ní "àgbà" nínú. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó gbọ́ ohùn Bàbá Ẹ̀rọ àti Ìyá Ọjà nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ń jà nítorí ìkòkò tí wọ́n fi ń dín nǹkan. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì fẹ́ wọlé, ni ó bá wo ilẹ̀. Ó rí orí ara rẹ̀ ní ìdí ilẹ̀kùn, eruku bò ó, ó kọjú sí ògiri.

Ó dùn ún gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí náà, ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó nu imú rẹ̀, ó nu iwájú orí tó ní ọgbọ́n. Ilẹ̀kùn, tí kò rí ohun tó dá a dúró mọ́, rọra padé, ó sì ti ara rẹ̀ pa. Ọ̀gá dúró síta, ó di orí rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó kànkùn títí, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ilé ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́.